Fọ́tò wọn dára, àmọ́ ìtàn mi kì í ṣe tiwọn

"Mọ́mì, kí ni ìtàn yín?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọmọkùnrin tó ń ya fọ́tò ní sítúdíò tí mo sanwó fún láti polówó iṣẹ́ mi bi mí nìyẹn, mi ò tíì fìdí kan àga. Alága ìgbéyàwó ni mí, ẹnu ni mo fi ń jẹun, mo rò pé ibi tó rọ̀ mí lọ́rùn ló bá mi. Mo fi oríkì ilé wa bẹ̀rẹ̀. Mo ti kì í dé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá mi, ẹni tó ń dá ẹmu tí kì í bomi là á, kí ọmọkùnrin náà tó na ọwọ́ sókè bí ọlọ́pàá ojú pópó. Ó ní kì í ṣe èyí. Ìtàn ibi tó ti dùn mí ni òun ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ ojú tí mo fi wo ọjà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọmọ ọdún 51 ni mí. Mo ti ṣe olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣe alága ìjókòó ní Àkúrẹ́ àti àyíká rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àwọn ará ilé ìyàwó ni mo máa ń wà. Èmi ni mo máa ń dá ọkọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mo máa ń gba owó ìṣílẹ̀kùn, èmi ni mo máa ń ní kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ títí àyà yóò fi kan ilẹ̀. Ìgbéyàwó ọmọ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Ọba-Ilé ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Alága tí wọ́n san owó fún kò dé, ilé ọkọ ti dúró sínú oòrùn, ìyá ìyàwó wá tì mí síwájú: "Ìwọ tó o máa ń pariwo mọ́ ọmọ ní kíláàsì, lọ pariwo." Láti ọjọ́ náà, ẹnu ni oníbàárà fi ń wá mi. Ẹni tó jẹ ìyàn níbi ìgbéyàwó kan á ní kí wọ́n bá òun gba nọ́ńbà ìyá tó ṣe alága. Káàdì kékeré kan tí mo tẹ̀ ní Arákàlẹ̀ ló kù tí mo ní, nọ́ńbà kan lára rẹ̀ kò sì lọ mọ́.

Ọdún tó kọjá ni ọmọbìnrin kan pè mí láti Àbújá. Gbọ̀ngàn kan ní Alágbàká ni wọ́n ti fẹ́ ṣe tirẹ̀. A sọ̀rọ̀ owó tán, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni handle yín?" Orúkọ tí mò ń jẹ́ lórí Instagram ló ń béèrè. Mo ní èmi kò ní handle kankan àfi ti ìlẹ̀kùn ilé mi, ìyẹn gan-an sì ti ń mì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á padà pè mí. Kò pè. Ọmọdé kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ló gba iṣẹ́ náà. Fídíò rẹ̀ wà lórí Instagram níbi tó ti ń ki ọkọ ìyàwó, tòun ti dígí dúdú lójú. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní purọ́, àmọ́ oríkì Ìjẹ̀ṣà ló fi ki ọmọ Ọ̀wọ̀.

Bí mo ṣe dé sítúdíò nìyẹn. Mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ bí ẹ bá kà á síwájú. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n wà ní ìhà North Gate FUTA, yunifásítì ìmọ̀-ẹ̀rọ Àkúrẹ́, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta ṣájà àti ìbòrí fóònù. Àtẹ̀gùn wọn tóóró, ẹni tó bá wọ aṣọ òkè gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ gùn ún. Iye méjì ló wà lára ògiri: ₦45,000 fún fọ́tò nìkan, ₦85,000 fún odindi. Odindi yìí ni wọ́n ń pè ní bíráńdì ara ẹni. Fọ́tò 12 wà nínú rẹ̀, fídíò méjì, ojú-ìwé Facebook àti Instagram, WhatsApp Business, Google, àti ohun kan tí wọ́n kọ pé "ìtàn." Mo ná odindi wá sí ₦80,000. Ó ní iye tó bá ti wà lára ògiri kì í gbọ́ ìnájà. Ìdáhùn yẹn wù mí, torí èmi náà kì í fẹ́ kí wọ́n ná mi. Mo san án.

Fọ́tò ni owó mi ti jẹ́ owó. Ó ní kí n mú aṣọ mẹ́ta wá. Mo mú sányán ìyá mi, léèsì kan, àti àǹkárá tí mo fi máa ń lọ bá ilé ìyàwó sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Wọ́n ní ọmọ kan ń bẹ tó ń wé gèlè ní ₦5,000. Mo ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́, èmi ni yóò wé tèmi. Wákàtí àkọ́kọ́ ṣòfò pátápátá. Bí mo bá ti rí kámẹ́rà, ojú mi á le bí ojú ìyá ìyàwó tí wọ́n ka iṣu fún tí iṣu kò pé. "Ẹ rẹ́rìn-ín mà." Mo rẹ́rìn-ín. Ó wo ohun tó yà, ó pa á rẹ́. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe mà."

Nígbà tó yá, ó ṣe ohun tí mi ò retí. Ó pa iná méjì, ó fi gángan sínú sípíkà, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá ń kàn án láti ìta. "Ẹ kú ilé o! A rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, a fẹ́ wá já a."

Kí n tó mọ̀, mo ti dìde. "Ta nìyẹn? Ta ló rán yín? Ilé yìí kì í ta òdòdó láwìn!" Mo ti gba máìkì, mo ti ń béèrè owó ìṣílẹ̀kùn lọ́wọ́ ẹni tí mo san ₦85,000 fún. Ó fi igba náírà gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Mo ní ẹrú ni mí ni? Ó fi igba mìíràn kún un. Mi ò mọ̀ pé ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti dúró nídìí kámẹ́rà, ó ń yà á lọ. Fọ́tò tó dára jù nínú méjìlá náà, èyí tí mo ti fi ìka kan sókè tí mo di ẹnu bí ẹni tó fẹ́ bínú tí ẹ̀rín sì ń pa á, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹni tó bá mọ̀ mí tó bá rí i, á gbọ́ ohùn mi.

Lọ́jọ́ kẹrin ni wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́, ẹni tí mo rí nínú wọn kì í ṣe èmi. Wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà nu gbogbo ìlà ọrùn mi, wọ́n sì ti bó mi ní awọ bí èlùbọ́ tuntun. Mo jọ àbúrò mi. Mo gun àtẹ̀gùn tóóró yẹn padà, mo ní ẹni tó bá fi fọ́tò yìí gbà mí síṣẹ́, tó wá rí mi lẹ́nu géètì, á ní mo rán ìyá mi wá dípò ara mi. Wọ́n dá ìlà ọrùn mi padà. Wọn ò gba owó kún un, wọn ò sì fajú ro. Kí ẹ kíyè sí èyí, torí kì í ṣe gbogbo sítúdíò ló ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Google ni mi ò mọ̀ pé mo nílò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìmeèlì Google lè forúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ láì san kọ́bọ̀. Wàhálà rẹ̀ ni ẹ ń bẹ ènìyàn lọ́wẹ̀. Google ní kí a ya fídíò kan ṣoṣo láì gé e, tó máa fi àdúgbò hàn, tó máa fi irinṣẹ́ hàn, tó sì máa fi hàn pé èmi ni mo ni iṣẹ́. Mi ò ní ṣọ́ọ̀bù. Inú páálọ̀ mi ní Ìjọ̀kà ni sípíkà, máìkì méjì, àti pátákó aláṣọ tí orúkọ mi wà lára rẹ̀ wà. A ya á lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbà á. Ọmọkùnrin náà ti ń kọ nọ́ńbà ilé mi síbi àdírẹ́sì nígbà tí mo mú ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ń dá gbé, tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń ti òde dé lálẹ́ Sátidé pẹ̀lú báàgì owó níná, wọ́n á wá kọ ilé rẹ̀ sí gbangba? Ó wá inú rẹ̀ títí, ó rí ibi tí ènìyàn ti lè fi àdírẹ́sì pamọ́ kí ó sì kọ àwọn ìlú tó ń ṣiṣẹ́ dé nìkan. A kọ Àkúrẹ́, Oǹdó, Ìdànrè, Ọ̀wọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, ẹ béèrè èyí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nǹkan fún yín.

Níbi ìràwọ̀ tí àwọn oníbàárà fi ń díwọ̀n iṣẹ́ ènìyàn lórí Google, a jà díẹ̀. Ó ní kí n ní kí àwọn àbúrò mi àti àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀wé pé mo dára. Mo ní àbúrò mi kan kò tíì gba alága rí, kóòtù ló ti ṣe ìgbéyàwó tirẹ̀. Ó ní gbogbo ènìyàn ń ṣe é. Google fúnra wọn kò fẹ́ kí ẹni tí kò rí iṣẹ́ máa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́, wọ́n sì lè yọ ọ́ dànù. Ẹni tí mo ti ṣe alága ìgbéyàwó fún nìkan ni mo ránṣẹ́ sí. Mẹ́fà kọ̀wé. Ìràwọ̀ márùn-ún ni márùn-ún fún mi. Ẹnì kẹfà fún mi ní mẹ́ta, ó ní mo gba owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ jù, pé ọ̀kan kò rí owó mọ́tò padà sí Adó. Mi ò lè pa á rẹ́. Mo dá a lóhùn pé kí ó fi ọ̀rẹ́ náà hàn mí. Títí di òní, kò tíì wá.

WhatsApp Business kò ní kí n pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ lòun náà, láti ọdún 2018 ló ti wà, ó ní ibi tí ẹ ti lè to iṣẹ́ yín àti iye rẹ̀ kí àwọn ènìyàn wò ó láì bi yín. Wọ́n fi èsì kan síbẹ̀ tó ń dáhùn bí mo bá ti sùn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní báńkì. Mo yí i padà: "Ẹ kú alẹ́ o. Mo ti sùn. Bí ọkọ bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ẹ jẹ́ kó dúró, mo ń bọ̀ láàárọ̀." Àwọn ènìyàn máa ń ya àwòrán èsì náà, wọ́n á fi sórí status wọn. Lára gbogbo ohun tó ń sọ orúkọ mi kiri, òun ni mi ò san owó fún.

Àti ọ̀rọ̀ kékeré tó máa ń wà lábẹ́ orúkọ ènìyàn lórí Instagram. Lẹ́tà 150 péré ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ó kọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tó ní mo jẹ́ olùtọ́jú àṣà, mo jẹ́ apìtàn, mo jẹ́ ìyá, mo ní ìfẹ́ jíjinlẹ̀. Mo bi í pé ìfẹ́ jíjinlẹ̀ sí kí ni. Kò mọ̀. Mo pa á rẹ́, mo kọ: "Alága ìjókòó, Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Mo máa ń parí lákòókò." Ó ní kò ní adùn. Ẹni tó bá ti san owó gbọ̀ngàn rí mọ̀ pé adùn tó ju ìyẹn lọ kò sí.

Ó wá ku ìtàn.

Ọmọkùnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀, ẹ má ṣe rò bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ènìyàn kì í ra alága, pé ẹni tí wọ́n bá mọ ni wọ́n máa ń pè, ẹni tí wọ́n bá sì mọ ibi tí bàtà ti ta á lẹ́sẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn mọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi nípa ọkọ mi. Mo fi òrùka ọwọ́ mi hàn án. Ó ní, "Mọ́mì, láti àárọ̀ ni ẹ ti ń yí òrùka yẹn."

Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti wà nílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A ò lọ sí kóòtù, a ò pín nǹkan kan. Ó kàn ń lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ mi á mọ ìdí tí mo fi ń pa á mọ́. Èmi ni mo ń sọ fún ìyàwó tuntun pé ilé ọkọ ló ń lọ, kò lọ sójú ogun. Èmi ni mo ń fi oyin, iyọ̀, obì àti ataare ṣe àdúrà fún un pé kí adùn má tán. Àwọn ìyá kan wà tí wọn ò ní fẹ́ kí ẹni tí oyin tirẹ̀ tán fọwọ́ kan ti ọmọ wọn. Mi ò bá wọn jà. Bóyá bí mo bá jẹ́ wọn, èmi náà á wò ó.

Mo sọ fún un pé nínú iṣẹ́ wa, ẹlòmíràn ni í ki ènìyàn. Oríkì kì í sì í fi àbùkù pamọ́. Ó lè sọ pé baba yín jagun, ó lè sọ pé ó jẹ gbèsè, pé ó mu ẹmu yó ó gbàgbé ọ̀nà ilé, ẹ ó sì tún lẹ owó mọ́ onítọ̀hún níwájú orí. Ṣùgbọ́n ojú agbo tó mọ̀ yín ni wọ́n ti ń kì í. Mi ò rí ẹni tó dúró lójúde Ọjà Ọba rí kí ó máa ka ìṣubú ara rẹ̀ fún ẹni tó wá ra tòmátò.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Mọ́mì, Àkúrẹ́ tí a jókòó sí yìí ńkọ́? Ṣebí nǹkan tó já ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ?"

Mo dákẹ́. Èmi fúnra mi ti kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, pé nígbà tí Ọmọrẹ́mi Ọmọlúàbí, ìran Odùduwà, dé ibí, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ já, wọ́n ní àkún rẹ́, orúkọ sì mọ́ ìlú lára. Ọmọ tí mi ò bí fi ẹ̀kọ́ kíláàsì kẹrin mú mi. Mo jókòó, mo sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá sínú kámẹ́rà. Mo sọ èyí tó pọ̀. Mo sọ̀rọ̀ ọdún tí bàbá wọn kó ẹrù, tí ọmọbìnrin mi jókòó sí kíláàsì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo sunkún díẹ̀, mo sì bínú pé mo sunkún. Kí n tó dìde, a ṣe àdéhùn lẹ́nu: yóò gé e, yóò fi ránṣẹ́ sí mi, èmi yóò yọ ohun tó bá kan ọmọ mi kúrò, kí a tó mọ̀ bóyá a ó gbé e jáde rárá.

Ọjọ́ Sátidé kan, mo wà ní ìlú Oǹdó. Ilé ìyàwó fẹ́ kí àwọn ìyá wọn kọ orin Ọbitun, orin ìbílẹ̀ Oǹdó, kí ìyàwó tó jáde, a sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ torí orin náà dùn. Fóònù mi wà ní pípa nínú báàgì láti aago mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo tàn án ní nǹkan bí aago méjì, ìpè mọ́kàndínlógún ló wà lórí rẹ̀. Méje nínú rẹ̀, ọmọ mi ni. Mo rò pé ẹnì kan ti kú.

Wọ́n ti gbé e sórí Facebook mi láti aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n fi dùùrù ẹlẹ́kún sí abẹ́ rẹ̀, ibi tí mo ti sunkún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ mi sì wà nínú rẹ̀ gbágbágbá. Ó ti wà ní yunifásítì báyìí. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló fi hàn án. Ohun tó sọ fún mi kò pọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin ni ẹ ni ọkọ yín. Èmi ni mo ni kíláàsì tí mo tún ṣe." Mo jókòó sínú mọ́tò láti Oǹdó dé Àkúrẹ́, mi ò mọ ìgbà tí a dé.

Ó di aago mẹ́jọ alẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́, torí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ lọ síbi òkú. Ọmọkùnrin náà wá sí ilé mi lọ́jọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ alága. Ó ní ọmọbìnrin tó ń bá òun ṣiṣẹ́ ló fi gbogbo fídíò oṣù náà sínú ètò tó ń gbé wọn jáde fúnra rẹ̀, kò sì yọ tèmi sọ́tọ̀. Mo gbà á gbọ́ dé ìdajì. Ìdajì kejì wà nínú ìwé tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí mo sanwó, níbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ pé ohunkóhun tí wọ́n bá yà, àwọn lè lò ó. Mi ò kà á. Olùkọ́ àná, mi ò kà á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ òfin ní kí n má bẹ̀rù ìwé náà, pé òfin ààbò ìwífún ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 fún ènìyàn láyè láti gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà nígbàkígbà. Mo kọ lẹ́tà, mo gba ìyọ̀ǹda mi padà, wọ́n sì dá ₦20,000 padà fún mi láì jẹ́ pé mo béèrè. Fídíò náà kò tíì tán nílẹ̀ o. Ẹnì kan ti wà á sórí fóònù rẹ̀, mo sì ti rí i nínú WhatsApp àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa, pẹ̀lú àdúrà gígùn lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá ìyàwó kan pè mí ní ọ̀sẹ̀ yẹn pé àwọn ti rí alága mìíràn. Kò sọ ìdí. Mo dá ₦50,000 rẹ̀ padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin kan pè láti Òkè-Àró. Òun àti bàbá ọmọ òun kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọdún mélòó kan, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ jókòó sórí àga kan náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ wọn. Ó ní òun ti ń bẹ̀rù alága tí yóò sọ pé kí "bàbá àti ìyá" wá jó papọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin á mọ bí ẹ ṣe máa ṣe é." Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo pe bàbá jó pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, mo pe ìyá jó pẹ̀lú ìyàwó, ẹnikẹ́ni kò fura. Ẹ má ní kí n fi èyí dá sítúdíò láre. Ọmọ mi kò gbé fóònù mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, ó sì lè jẹ́ òun ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó bá fẹ́ lọ sí irú ibẹ̀. Nígbà tí mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi pa fídíò náà rẹ́ láti ilé, kò ṣeé ṣe. Orúkọ mi ló wà lórí ojú-ìwé Facebook, fọ́tò mi ni, àmọ́ ìmeèlì sítúdíò ni wọ́n fi ṣí i, àwọn nìkan ló ní àṣẹ kíkún lórí rẹ̀. Èmi wà níbẹ̀ bí àlejò tí wọ́n fún ní àga. Bí wọ́n bá gbé àga lọ, mo dìde nìyẹn. Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ ní kí wọ́n fi àṣẹ kíkún fún yín lójú yín, kí ẹ fi fóònù yín wò ó pé ó ti wọlé, kí ẹ wá yọ wọ́n kúrò. Bákan náà ni Google. Ti WhatsApp, ẹ ṣí ìdánilójú onígbèésẹ̀ méjì (two-step verification), ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ sí i, kí ẹ má sì fi ọjọ́ ìbí yín ṣe é.

Ṣé mo máa ní kí ẹ lọ? Bí ó bá jẹ́ fọ́tò ni ẹ fẹ́, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n bá ti lè kan ilẹ̀kùn kí ẹ gbàgbé ara yín, ₦45,000 kò pọ̀ jù fún un. Mo fún wọn ní ìràwọ̀ márùn-ún lórí ìyẹn, mo sì tún fi ọ̀kan kún un fún igba náírà abẹ́ ilẹ̀kùn. Google ń mú iṣẹ́ wá fún mi títí di òní. Odindi ni mi ò ní sọ pé kí ẹ rà. Ìtàn ni mo fún ní ìràwọ̀ kan, torí àga ibẹ̀ rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi mí nípa ọkọ mi ní báyìí, mo máa ń dáhùn pé a ò gbé papọ̀ mọ́, mo sì ti yọ òrùka náà. Mo ti ṣe alága ìgbéyàwó mẹ́ta láì wọ̀ ọ́. Ìyá àgbà kan ní Ọ̀wọ̀ ló kíyè sí i, ó di ọwọ́ mi mú, ó wo ibi tí òrùka fi ojú sílẹ̀ sí, kò sọ nǹkan kan, ó fi ẹran kún abọ́ mi.

Ọmọ mi ti wá sílé fún ìsinmi. Òun ló ń bá mi dáhùn àwọn tó ń kọ̀wé sí mi lórí Instagram báyìí, ó sì ti ní kò sí ẹni tó máa gbé ohunkóhun síbẹ̀ láì jẹ́ pé òun kọ́kọ́ rí i. Sátidé tó ń bọ̀, Ìdànrè ni mo ń lọ. Orí Google ni ìyàwó náà ti rí mi. Kò béèrè ìtàn mi. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni mo máa ń parí lákòókò, torí àwọn àgbà ilé wọn fẹ́ padà sílé kí òjò tó dé. Mo ní kí ilé ọkọ ti gbé iṣu sílẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án.